Ọkọ̀ Àbùlẹ̀ Àwẹ̀ró àti Ẹ̀yìn Ọ̀nì

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi já sómi jàbú. Ó wẹ̀, ó wẹ̀, ó gúnlẹ̀. Kò gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró opó Odùṣọlá ló gúnlẹ̀ sí. Ó kan Ọ̀nì, ó kan Àkókó, ó kan Alákàn, ó kan Erinmi ọba odò. Ó sì kan ògbólógbòó ọkọ̀ kan tí gbogbo ayé ní kí wọ́n fi dáná.

Ẹ sún mọ́ iná o. Bí ẹnì kan bá ti ń sùn, kí ẹni tó jókòó tì í ta á nígbọ̀nwọ́.

Láyé àtijọ́, nígbà tí ẹranko àti ènìyàn ṣì jọ ń ná ọjà kan náà, èbúté kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìrágbà. Ilé wà níhìn-ín, oko wà lódìkejì omi. Kò sí ẹni tó lè dé oko láìwọ ọkọ̀. Ẹni tó ní ọkọ̀ ló ní oko. Ẹni tí kò ní ọkọ̀, ẹni tó ní ọkọ̀ ló ni ín.

Erinmi ni ọba odò náà. Erinmi tóbi, ó rọra ń sọ̀rọ̀, kò sì fẹ́ wàhálà. Ohun tó fẹ́ ni oorun. Nítorí pé ó ń sùn, ó gbé ìtọ́jú èbúté lé Ọ̀nì lọ́wọ́.

Háà, Ọ̀nì! Ọ̀nì ìgbà náà kì í ṣe Ọ̀nì tí ẹ mọ̀ yìí. Ara rẹ̀ ń dán bí ara ẹja àrọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ jọ̀lọ̀, kò sí egbò, kò sí kókó. Àràárọ̀ ló ń fi àdín pa á. Bí oòrùn bá là sí i lára, o lè wo ojú ara rẹ níbẹ̀ kí o sì fi di irun.

Ọkọ̀ akérò mẹ́ta ni Ọ̀nì ní. Bí o bá gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ mẹ́ta wọ ọkọ̀ rẹ̀, agbọ̀n méjì ni wàá gbé sọ̀kalẹ̀. Bí o bá ráhùn, agbọ̀n kan ni.

"Iṣẹ́ ìlú ni mò ń ṣe," Ọ̀nì á wí. "Ta ni yóò tún èbúté ṣe bí n kò bá gbà á?"

Kò sì sí ẹni tó rí i rí kí ó tún nǹkan kan ṣe.

Àwẹ̀ró kì í wọ ọkọ̀ Ọ̀nì. Odùṣọlá ọkọ rẹ̀ gbẹ́ ọkọ̀ tiwọn láti ara igi kan ṣoṣo. Ó kan èèkàn mọ́ etí omi, ibi ìgúnlẹ̀ tiwọn nìyẹn, ó ń so ọkọ̀ mọ́ ọn. Inú ọkọ̀ náà ni wọ́n gbé àwọn ọmọ wọn méjèèjì lọ sóko láti ìgbà tí wọ́n ti wà lẹ́yìn ìyá wọn.

Odùṣọlá kú. Wọ́n fa ọkọ̀ náà sókè, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Àṣà Ìrágbà nìyẹn. Bí ọlọ́kọ̀ bá kú, ọkọ̀ rẹ̀ náà á ṣọ̀fọ̀ ọdún kan. Kò ní fojú kan omi, kò ní fojú kan oko. Ọdún náà gùn. Oòrùn pa ọkọ̀, ọyẹ́ pa ọkọ̀.

Nígbà tí ọdún pé, Àwẹ̀ró yí ọkọ̀ padà. Ó wo inú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé orí.

Ihò kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó fẹ̀ bí ẹnu ìkòkò. Ara rẹ̀ sán láti iwájú títí dé ẹ̀yìn, ọwọ́ ọmọdé lè wọ ojú sísán náà. Ìdin sì ti jẹ etí rẹ̀ ọ̀tún, ó ti di ìyẹ̀fun.

Ihò, sísán, ìdin. Mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀nì gbọ́. Inú rẹ̀ dùn. Ó gbọn ìrù, ó lọ bá Erinmi.

"Kábíyèsí, èèkàn pọ̀ létí omi tí kò sí ọkọ̀ nídìí wọn. Kò dára lójú àlejò. Ẹ jẹ́ kí á pàṣẹ."

Erinmi yán. "Àṣẹ wo?"

"Omi yóò ṣí ní ọjọ́ mọ́kànlélógún òní, tí ọkọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sóko. Èèkàn tí a kò bá rí ọkọ̀ tó léfòó nídìí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ó di ti èbúté."

"Ìyẹn ni pé kí ó di tìrẹ."

"Kábíyèsí, ẹ̀yin náà ẹ! Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n máa bá yín tọ́jú èbúté."

Oorun ń gbé Erinmi lọ. Ó la ojú kan. "Ó dára. Ṣùgbọ́n fi èyí kún un. Títí di ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ láìgbàyè. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, èèkàn tirẹ̀ ló lọ."

"Ẹnikẹ́ni, Kábíyèsí! Títí kan èmi gan-an!" Ọ̀nì rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun kinniwin.

Èèkàn tó ní ó pọ̀ yẹn, ẹ mọ iye tó jẹ́? Ẹyọ kan ni. Ti Àwẹ̀ró ni. Bí wọ́n bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ tálákà kan ṣoṣo, wọn kì í dárúkọ rẹ̀. Wọ́n á ní àṣẹ ìlú ni.

Àwẹ̀ró gbọ́ àṣẹ náà. Ó wọlé, ó wo ohun tó ní. Ó ní odó kan tó ti là sí méjì. Ó ní òkìtì èèpo àgbọn lẹ́yìn ilé ìdáná. Ó ní kèrègbè epo kan tí kò kún. Ohun tó ní nìyẹn. Bí èèkàn bá lọ, oko lọ. Bí oko bá lọ, kí ni àwọn ọmọ yóò jẹ?

Ó dìde. Ó lọ bá Ọ̀nì.

"Bàbá Ọ̀nì, ẹ kú oòrùn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi oṣù kan kún un. Ọ̀fọ̀ ni kò jẹ́ kí n tètè tún ọkọ̀ náà ṣe. Àṣà ìlú ni."

Ọ̀nì ń fi àdín pa èjìká. Kò wo ojú rẹ̀. "Àwẹ̀ró, ṣé mo lé ọ ni? Ọkọ̀ mi mẹ́ta wà níbẹ̀. Wọ èyí tó wù ọ́."

"Ẹ̀ ń gba agbọ̀n kan nínú mẹ́ta, Bàbá."

"Lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn nìyẹn. Lọ́wọ́ tìrẹ, méjì ni màá máa gbà."

"Méjì kẹ̀? Nítorí kí ni?"

"Kò sí ọkọ tí yóò bá ọ gbé ẹrù. Àwọn èèyàn mi ni yóò gbé e. Ṣé kí wọ́n gbé e lásán?"

Àwẹ̀ró yíjú padà. Kò dágbére.

Ó lọ bá Ìnàkí tó ń gbẹ́ ọkọ̀ tuntun. Ìnàkí tẹ̀ lé e wá sílé. Ó fi ìka kan gbá ara ọkọ̀, pó! Ó gbọ́ bó ṣe dún, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ẹ fi èyí yan ẹja."

"Mi ò bi yín nípa ẹja. Ṣé ẹ lè tún un ṣe?"

"Èmi kì í tún ògbólógbòó ṣe. Tuntun ni mò ń tà. Ẹ mú màlúù kan wá, ẹ mú ewúrẹ́ mẹ́ta tì í."

"Bí mo bá ní màlúù, ṣé èmi ni màá dúró níwájú yín báyìí?"

"Ó dára, ẹ mú un wá lọ́dún tó ń bọ̀," Ìnàkí wí, ó sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ, ó ń rẹ́rìn-ín lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, Àwẹ̀ró lọ sídìí igi kan nínú igbó. Òkè igi náà ni Àkókó wà, tó ń kàn, kó-kó-kó, kó-kó-kó.

"Gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹ kú iṣẹ́ o!"

Ariwo dákẹ́. Ohùn kan ti inú ihò jáde. "Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lẹ gbé wá, mi ò sí nílé."

"Mo gbọ́ ohùn yín, Gbẹ́nàgbẹ́nà."

"Ohùn mi nìkan ló wà nílé. Èmi jáde."

Àwẹ̀ró fẹ́ẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Ó mà ṣe o. Ìdin ló wà létí ọkọ̀ ọkọ mi. Mo ní kí n wá sọ fún yín."

Orí pupa kan yọ lẹ́nu ihò.

"Ìdin? Ó sanra?"

"Ó tó ìka ọwọ́ mi."

"Ó pọ̀?"

"Mi ò lè kà á."

Pà! Àkókó ti bà sílẹ̀. Ó ti ń fi ẹsẹ̀ halẹ̀. "Kí lẹ tún dúró ń wò, ìyàwó Odùṣọlá? Ẹ ò rí i pé ilẹ̀ ń ṣú lọ? Ẹ jẹ́ ká lọ!"

Ilẹ̀ kò ṣú rárá. Ọ̀sán gangan ni.

Àkókó jẹ ìdin. Ó jẹ títí ikùn rẹ̀ fi le. Bó ṣe ń jẹ ìdin ló ń gé igi jíjẹrà kúrò, títí ó fi dé ibi tí igi yè. Ó yó tán, ojú tì í láti lọ. Ó wo ihò ìsàlẹ̀. Ó wo odó tó là.

"Ẹ gbé ìlàjì odó yẹn wá. Igi tó ti ń gba ọmọ odó sára láti ọjọ́ yìí wá, omi kò lè ṣe é ní nǹkan."

Ó gbẹ́ odó náà títí ó fi bá ihò mu rẹ́gí. Ó kàn án mọ́ ọn. Ó di àbùlẹ̀. Ó tún gbẹ́ ìlàjì kejì, ó fi tún etí ọkọ̀ ṣe. Ọjọ́ méjì ló fi ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi tó sán, ó mi orí.

"Eléyìí ju agbára mi lọ. Igi ti gbẹ. Bí mo bá kàn án pọ̀ níhìn-ín, yóò sán lọ́hùn-ún."

Ọjọ́ márùn-ún ti lọ. Mẹ́rìndínlógún ló kù. Àwẹ̀ró lọ jókòó sídìí èèkàn ọkọ rẹ̀. Kò sunkún. Inú ló ń bí i. Ó bú Ìnàkí. Ó bú Ọ̀nì. Ó bú ẹni tó dá àṣà ọ̀fọ̀ ọkọ̀ sílẹ̀.

"Ẹ bú wọn jẹ́jẹ́," ohùn kan wí nísàlẹ̀. "Àwọn ọmọ mi ń sùn."

Alákàn ni. Ó yọ ojú méjèèjì sókè láti inú ihò rẹ̀ nídìí èèkàn.

"Bàbá Alákàn, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni."

"Mo ti gbọ́. Gbogbo èbúté ló gbọ́. Kí ló ń ṣe ọkọ̀ náà gan-an?"

"Ó sán. Igi ti gbẹ."

"Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́," Alákàn wí. "Ẹ mú ẹni tí inú omi ló ti ń gbé, ẹ dá a dúró sínú oòrùn fún ọdún kan, ẹ ò fún un ní ẹ̀kán omi. Ó wá ń yà yín lẹ́nu pé ètè rẹ̀ sán? Ẹ kó òkúta sínú rẹ̀. Ẹ rì í."

"Kí n rì í! Kí n fi ọwọ́ ara mi ri ọkọ̀ Odùṣọlá?"

"Ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ẹ jẹ́ kí ó mu omi kí ó yó. Igi á wú. Bí igi bá wú, ojú sísán á padé. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín."

Àwẹ̀ró wò ó. "Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ máa gbà?"

"Ẹ jẹ́ kí èèkàn yìí wà níbi tó wà. Ìdí rẹ̀ ni mo bí gbogbo ọmọ mi sí. Bí Ọ̀nì bá gbà á, ibí yìí ni yóò máa fi ikùn gbá."

Àwẹ̀ró wọ́ ọkọ̀ dé etí omi. Ó kó òkúta sí i. Omi gba ojú sísán wọlé, ọkọ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó rì. Ọkàn rẹ̀ rì pẹ̀lú rẹ̀.

Hẹn, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo Ìrágbà náà rẹ́rìn-ín.

Ìnàkí ní, "Mo ní kó fi yan ẹja, ó gbé e fún ẹja."

Àwọn alájàpá ní, "Ìbànújẹ́ opó ti wọ̀ ọ́ lórí."

Ọ̀nì rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Ó fi ìrù na ilẹ̀. "Ẹ ò rí i? Èmi kọ́ ni mo gba èèkàn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ri ọkọ̀ rẹ̀!"

Àwẹ̀ró ń ya irun ara èèpo àgbọn. Ó ń wọ igbó, ó ń gba oje lára igi. Ó ya irun, ó gba oje. Ó ya irun, ó gba oje. Ọjọ́ ń lọ.

Nígbà tó di ọjọ́ kejìdínlógún, Alákàn sáré wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ló fi ń sáré. Ó kọlu ìkòkò, ó kọlu agbada.

"Ìyàwó Odùṣọlá! Ojú sísán ti padé! Ó padé bí ẹnu ẹni tó panu mọ́!"

Àwẹ̀ró fò sókè.

"Ẹ dúró ná. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán. Ọ̀nì wá wò ó láàárọ̀. Ó rí i pé ó padé. Ó kó òkúta yín dànù, ó wọ inú ọkọ̀, ó sùn gbalaja. Ó ní tí ẹ bá fà á, ẹ ò ní lè gbé e. Ó ní inú rẹ̀ lòun máa wà títí omi yóò fi ṣí."

Àwẹ̀ró jókòó padà. Ó ronú. Bó bá lọ jí Erinmi, kí Erinmi tó nà, kó tó yán, kó tó rìn dé etí omi, Ọ̀nì á ti yọ́ jáde. Á dúró ní èbúté, á máa fi àdín para. Ta ni wọ́n máa gbà gbọ́? Ṣé opó ni? Àbí akàn?

"Bàbá Alákàn," ó wí, "mi ò ní pè é jáde. Màá gbé e jáde."

Lọ́jọ́ kejì, ó pe gbogbo obìnrin èbúté. Gbogbo wọn ni Ọ̀nì ti gba agbọ̀n ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wá. Wọ́n so okùn mọ́ imú ọkọ̀. Àwẹ̀ró dá orin, ẹ bá mi gbè é:

Ẹ bá mi fà á o,
Fà á wálé.
Ọkọ̀ ti mumi yó,
Fà á wálé.
Ó wúwo ju tàná lọ,
Fà á wálé.
Ohun tó wà nínú rẹ̀,
Fà á wálé.

Ọkọ̀ mì. Ọkọ̀ rìn. Ọ̀nì gbọ́ orin nísàlẹ̀ omi, ẹ̀rù bà á. Bó bá fò jáde báyìí, ogójì ojú ló máa rí i. Ó di ojú. Ó na ara gbọọrọ. Ó lẹ ẹsẹ̀ mọ́ ìhà. Ẹrẹ̀ bò ó. Ó di igi.

Ọkọ̀ gun ilẹ̀. Àwọn obìnrin yọjú wo inú rẹ̀. Ẹnu wọn là. Ẹnì kan ti mí kanlẹ̀ láti kígbe.

"Ẹ má pariwo," Àwẹ̀ró wí. "Igi ni."

Àkókó fò wá. "Igi kẹ̀? Ọkọ̀ tí a gbẹ́ láti ara igi kan kì í ní irú igi báyìí nínú..."

Àwẹ̀ró tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Àkókó wo Àwẹ̀ró. Ó wo ohun tó wà nínú ọkọ̀. "Háà! Igi ni mo rí yìí. Igi ńlá."

"Irú igi wo ni?" Ìyá Ṣẹ́lù tó ń yan ẹja béèrè.

"Irú èyí tó ń jẹ ẹ̀gẹ́," ẹlòmíràn dáhùn. Wọ́n fi ìborùn bo ẹnu.

"Odò ló fún mi," Àwẹ̀ró wí sókè. "Yóò mú ọkọ̀ mi lágbára. Bí a bá ṣe máa tún ọkọ̀ ṣe la máa tún òun náà ṣe. Ẹ lọ pe Kábíyèsí kí ó wá wò ó kí omi tó ṣí."

Wọ́n gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ kí ara rẹ̀ gbẹ. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ ni Ọ̀nì fi sùn níbẹ̀. Eṣinṣin bà sí i lójú. Kò mira. Eṣinṣin wọ imú rẹ̀. Kò sín.

Erinmi dé. Wọ́n tẹ́ ẹní fún un. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Àkọ́kọ́, àwọn obìnrin mú ìkarahun, wọ́n fẹ́ fá ẹrẹ̀. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí etí igi náà wà. Ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bàbá Ọ̀nì, bí ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ sọ ọ́. Mo lè ní kí wọ́n dúró."

Igi kò fọhùn.

Wọ́n fá a. Hàrà, hàrà, hàrà! Wọ́n fá àdín ọjọ́ gbogbo kúrò lẹ́yìn Ọ̀nì.

Ìkejì, Àkókó fò lé e. Ó fẹ́ gbẹ́ ojú ibi tí irun àgbọn yóò wọ̀. Àwẹ̀ró tún bẹ̀rẹ̀. "Bàbá, ẹ ṣàánú ara yín. Ẹ sọ pé ẹ̀yin ni."

Igi kò fọhùn.

Kó-kó-kó! Kó-kó-kó! Wọ́n ki irun àgbọn bọ inú ọkọ̀ níbi tó sán. Wọ́n ki í bọ ẹ̀yìn Ọ̀nì, sówó sówó. Omi ṣàn lójú Ọ̀nì.

"Igi yìí kò tíì gbẹ dáadáa," Àkókó wí.

Ìkẹta ni ọ̀dà. Àwẹ̀ró ti se oje igi pọ̀ mọ́ epo àti eérú. Ó dúdú, ó ki, ó ń hó kutukutu. Ó gbé ìkòkò náà dání.

"Dà á!" Ìyá Ṣẹ́lù kígbe. "Ó gba agbọ̀n mẹ́jọ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá! Ọmọ mi ń ṣàìsàn, ó ṣì gbà á!"

"Dà á!" gbogbo wọn wí.

Inú ń bí Àwẹ̀ró náà. Ó rántí agbọ̀n méjì nínú mẹ́ta. Ó rántí ojú tí Ọ̀nì kò gbé sókè wò ó. Ṣùgbọ́n ó wo omijé tó ń ṣàn nínú ẹrẹ̀.

"Ọkọ̀ ni mò ń tún ṣe," ó wí. "Mi ò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni." Ó gbé ìkòkò náà sílẹ̀. Ó dúró títí ọ̀dà fi rọlẹ̀, tó fi ìka bọ̀ ọ́ tí kò bó o. Nígbà náà ló bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. "Bàbá Ọ̀nì. Ẹ jọ̀ọ́."

Igi kò fọhùn. Ìgbéraga kò jẹ́ kó fọhùn.

Ó dà á. Ó dà á síbi tí ọkọ̀ ti sán. Ó dà á sí àbùlẹ̀ odó. Ó dà á sẹ́yìn Ọ̀nì láti ọrùn dé ìrù.

Ọ̀nì fara dà á! Ẹ gbọ́ mi? Mo ní ó fara dà á! Èèkàn opó kan ṣoṣo ló ń fara da gbogbo èyí fún.

Erinmi dìde lórí ẹní. Ó rìn yí ọkọ̀ ká. Ó fi imú gbóòórùn igi náà. Ó wo Àwẹ̀ró, ojú méjèèjì ló là báyìí.

"Igi yìí dára o," ó wí. "Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń wá ohun tó lè gbà mí. Ẹ jẹ́ kí n jókòó lé e wò."

Ó yíjú padà. Ó kọ ìdí sí ọkọ̀. Ìdí Erinmi, ẹ̀yin ará mi! Ó ń bọ̀ wálẹ̀, ó ń bọ̀ wálẹ̀...

"Kábíyèsí, ẹ má jókòó! Ẹ má jókòó! Èmi ni!"

Ọ̀nì fò jáde nínú ọkọ̀. Irun àgbọn ń yọ lára rẹ̀, ọ̀dà ń kán. Àwọn obìnrin hó yèè.

Erinmi kò dìde. Ó kàn dúró níbi tó bẹ̀rẹ̀ dé. "Ta ló sọ pé títí kan òun gan-an?"

"Mi ò fọwọ́ kàn án, Kábíyèsí! Ẹ wo ọwọ́ mi! Ikùn mi ló kàn án!"

"Ó dára bẹ́ẹ̀," Erinmi wí. "Èmi náà kò ní fọwọ́ kàn ọ́. Ìdí ni mo fẹ́ fi kàn ọ́."

Ọ̀nì sún sẹ́yìn.

Erinmi wá nara tán. Ó sọ̀rọ̀ tí gbogbo èbúté gbọ́. "Mo ti sùn jù. Nígbà tí mo ń sùn, ohun tó pọ̀ ti lọ. Ọ̀nì, èèkàn rẹ lọ. Ọkọ̀ rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ti àwọn tó ti gbé ẹ̀gẹ́ fún ọ. Láti òní lọ, o ò ní ibi ìgúnlẹ̀ ní èbúté kankan."

Ọ̀nì sáré gba etí omi lọ. Àwẹ̀ró gbá tẹ̀ lé e. Kèrègbè epo wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ku díẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá Ọ̀nì, ẹ dúró! Ẹ má tíì wọ omi! Ẹ jẹ́ kí n fi epo yọ ọ̀dà náà kí ó tó gan!"

Bí ó bá dúró ni, ì bá bọ́. Epo díẹ̀, aṣọ àkísà, ì bá bọ́ pátá. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í kí opó fọwọ́ pa á lára níwájú ìlú. Ó bẹ́ sómi gbàmù. Omi tutù. Ọ̀dà gan. Irun àgbọn gan mọ́ inú ọ̀dà. Ó di kókó, kókó, kókó, láti ọrùn dé ìrù. Ó fi ẹ̀yìn ha àpáta, kò bọ́. Ó fi ha gbòǹgbò, kò bọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ kọkànlélógún, omi ṣí. Gbogbo èbúté dúró, wọ́n ń wo èèkàn Odùṣọlá. Àwẹ̀ró ti ọkọ̀ sómi. Ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò jò. Ó wo ibi tó sán. Kò jò. Ó gbé àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sínú rẹ̀, ó mú àjẹ̀, ó tukọ̀ lọ sóko.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn Ọ̀nì fi rí wúruwùru dòní olónìí, tó rí bí ọkọ̀ tí wọ́n bù lẹ̀ tí wọn kò fá. Ìdí nìyẹn tí kò fi ní èbúté, tó kàn ń yọ́ wọ omi láìkí ẹnikẹ́ni. Ìdí sì nìyẹn tó fi jẹ́ pé bó bá sùn sétí odò, tó gbọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn, yóò na ara gbọọrọ, yóò di ojú, yóò di igi. Ó rò pé a kò tíì mọ̀ pé òun ni.

Ibi tí mo so àlọ́ mi mọ́ rèé. Bí mo bá parọ́, kí ó jò mọ́ mi lábẹ́. Bí òótọ́ bá sì ni, kí ẹ̀yin tó gbọ́ ọ máa fi ẹsẹ̀ gbígbẹ sọ̀kalẹ̀ níbikíbi tí ẹ bá gúnlẹ̀ sí.